Ọmọ Odò Lórí Ìtàkùn Àgbáyé: Ìtàn Ìkọ́ni ní Ààbò àti Ìwà Ọmọlúàbí Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára, Pẹ̀lú Ugbónlá ní Ìlàjẹ Gẹ́gẹ́ bí Òpó Àlàyé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn bí ẹ̀rọ ayélujára ṣe dé ọwọ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọdún 2001, àti irú ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn nípa lílò rẹ̀. Ugbónlá, ọ̀kan nínú àwọn ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni a fi ṣe òpó àlàyé, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn òbí ibẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú ohun tó ń bọ́ni tó sì lè pani, ìyẹn omi. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ohun-èlò ló máa ń kọ́kọ́ dé, òfin a tẹ̀lé e lẹ́yìn tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀kọ́ a sì gbẹ́yìn. Iṣẹ́ náà dá a lábàá pé kí àwọn olùkọ́ yí ètò yìí padà, kí wọ́n sì fi èdè abínibí kọ́ ọmọ kí ewu tó dé.

Ìfáàrà

Ìlàjẹ ni ẹ̀yà Yorùbá tó tẹ̀dó sí ibi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti parí tí òkun Àtìláńtíìkì ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1996 ni a dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀ láti ara Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò àtijọ́, Igbókòdá sì ni olú ìlú rẹ̀. Ugbónlá wà lára àwọn ìlú tó kọjú sí òkun ní ẹkùn náà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ tí ará ìlú fi ń rìn, tí ẹja pípa sì jẹ́ òpómúléró ọrọ̀-ajé.

Lójú ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè dà bí ibi tó jìnnà réré sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òkun tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń dẹ àwọ̀n sí yìí náà ni àwọn okùn tó ń gbé ìsọfúnni wọ Nàìjíríà gbà kọjá. Okùn SAT-3 ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2002, okùn MainOne sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Nígbà tí mẹ́rin nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní sàkáání Àbíjàǹ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ etí òkun kò jìnnà sí ayélujára ju ọmọ ìgboro lọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí pè ní ìwà ọmọlúàbí lórí ayélujára ní apá méjì. Apá kìíní ni ààbò, èyí tí í ṣe pé kí ọmọ má ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi. Apá kejì ni ojúṣe, èyí tí í ṣe pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ má ṣe di ẹni ibi sí ẹlòmíràn. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Mike Ribble, pín ọ̀rọ̀ yìí sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, lára èyí tí ìwà, òfin, ìlera àti ààbò wà. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ẹni tó gbà pé ìwà ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn, ibi yòówù kí ó wà. Ohun tó ṣàjèjì ni ibi tí a ti fẹ́ hu ìwà náà.

Ẹ̀kọ́ ọmọ ní etí omi ṣáájú ẹ̀rọ ayélujára

Ní etí òkun Ìlàjẹ, òbí kì í dúró di ìgbà tí ọmọ bá já sínú omi kí ó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Inú ọkọ̀ ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń wo ọwọ́ àgbà. Bí ó bá gbọ́n díẹ̀, a ó fún un ní àjẹ̀, yóò máa tukọ̀ ní ibi tí omi kò ti jìn. Lẹ́yìn èyí ni yóò mọ ọ̀nà odò, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni yóò sì bá àgbà dé ojú agbami. Nǹkan mẹ́ta ló hàn nínú ìlànà yìí. Èkíní, a kì í fi òfin de ọmọ kúrò lójú omi pátápátá, nítorí pé omi ni ọ̀nà ọjà, omi ni ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Èkejì, ìjìnlẹ̀ omi tí a jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ń bá òye rẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀kẹta, gbogbo àgbà tó bá rí ọmọ níbi tó léwu ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é padà, ìbáà ṣe ọmọ tirẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹkùn yìí kan náà ní ìtàn pàtàkì nípa bí ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ń wọ ìlú. Ní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí a ṣe inúnibíni sí dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n pa iṣẹ́ àti èrè pọ̀ sójú kan, wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, ìlú náà sì ti ń lo iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950. Níbẹ̀, ìlànà ìgbé-ayé ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lábẹ́ àgbà tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1970 fi máa súnmọ́ tòsí, ètò àjùmọ̀ní náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ máa dá ṣe tiwọn. Ẹ̀kọ́ méjì ni olùkọ́ lè rí fà yọ níbẹ̀. Ó dára kí ìlànà ṣáájú ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ìlànà tó dúró lórí ìgbọràn nìkan kì í tọ́jọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí a fi ní kí ó má ṣe.

Láti ojúde dé inú àpò

Kí ó tó di ọdún 2001, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ ta àṣẹ ìlò fóònù alágbèéká fún àwọn ilé-iṣẹ́, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹjọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni àwọn fóònù náà wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ayélujára ní láti lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní kafé, kí ó ra wákàtí, kí ó sì jókòó láàrin àwùjọ.

Ìwà jìbìtì ti wọ inú àwọn kafé náà ní kíákíá. Orúkọ 419, tí a fà yọ láti inú abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ti wà tipẹ́ ṣáájú. Ayélujára ló fún un ní ìyẹ́ tó fi fò. A dá àjọ EFCC sílẹ̀. Òfin tó dá lórí jìbìtì gbígba owó ṣáájú, èyí tó jáde ní ọdún 2006, sì pa á láṣẹ fún àwọn olókòwò kafé pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, kí wọ́n sì máa kíyè sí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wọn. Òfin yìí gbà pé ojú ènìyàn wà nítòsí: ẹni tó ni kafé, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń dúró de ààyè.

Ṣùgbọ́n láàrin ọdún díẹ̀ sí i, fóònù tó lè wọ ayélujára pọ̀ lọ́jà, àwọn kafé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Ohun tí ọmọ ń wò kúrò ní ojúde, ó wọ inú àpò. Ìyípadà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn tí a ń yẹ̀ wò, ó sì ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo. Ní etí òkun, níbi tí iná ọba kò ti ṣe é gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu jẹnẹrétọ̀ ni fóònù ti ń jẹun. Ọmọ tí a rán pé kó lọ gba iná sí fóònù ìyá rẹ̀ ni fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ìyá fi ń ta ẹja. Bí ìyá kò bá tilẹ̀ ra fóònù fún ọmọ, ọmọ ti ní fóònù.

Ohun-èlò ṣáájú ẹ̀kọ́: Galadima àti Ọ̀ṣun

Ìjọba kò ṣàì ronú nípa kọ̀ǹpútà nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti wà láti ọdún 1988. Àmọ́ bí a bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ ní tòótọ́, àpẹẹrẹ méjì yọrí.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá ní ọdún 2007. Ètò àgbáyé kan tí Nicholas Negroponte ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí èròǹgbà rẹ̀ sì ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ti fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ẹ̀rọ láti fi dán an wò. Ní oṣù keje ọdún náà ni ìròyìn jáde pé àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ti ń fi ẹ̀rọ yìí wo àwòrán ìhòòhò. Èsì tí àwọn elétò fọ̀ ni pé wọn yóò fi asẹ́ sí inú ẹ̀rọ náà láti dí ojú irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Inú pátákó ẹlẹ́rọ náà ni wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá àti àwọn ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìwà sí. Wọn kò so ó mọ́ ayélujára, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ kìkì èyí tí àwọn àgbà ti yẹ̀ wò.

Bí a bá fi ojú ará etí omi wo àpẹẹrẹ méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Ní Galadima, a gbé ọmọ sí ojú òkun, ìgbà tí omi mù ún dé ọrùn ni a wá ń wá ọgbà tí a ó fi yí òkun ká. Ní Ọ̀ṣun, a gbẹ́ adágún fún ọmọ. Adágún náà mọ́, kò sì léwu, ṣùgbọ́n fóònù tó so mọ́ òkun ń dúró de ọmọ náà nílé. Kì í ṣe pé asẹ́ kò wúlò, kì í sì í ṣe pé adágún kò dára. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ìjàǹbá àti òfin

Ní oṣù keje ọdún 2012, a pa Cynthia Osokogu, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 24, ní Festac ní Èkó. Orí Facebook ni àwọn tó tàn án dé ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin méjì lórí ọ̀ràn náà ní ọdún 2017. Cynthia kì í ṣe ọmọdé, síbẹ̀ ikú rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà mọ̀ pé ẹni tí a bá pàdé lórí ẹ̀rọ lè má jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀.

Ọ̀ràn kejì fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Jordan DeMay, ọmọ ọdún 17 ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, pa ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram ló ti gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi halẹ̀ mọ́ ọn pé kó mú owó wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó ni ìwádìí já lé lórí. A fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ sì rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà, ilé-iṣẹ́ Meta kéde pé òun pa nǹkan bí 63,000 ojúlé Instagram tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n ń lò fún irú ìhalẹ̀ yìí, rẹ́. Èwe ni ẹni tó kú. Ọ̀dọ́ ni àwọn tó ṣe é náà. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní ààbò nìkan, tí kò kọ́ ọ ní ojúṣe, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Òfin kò sùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára jáde ní ọdún 2015, a sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Abala 23 rẹ̀ fi ìyà sí orí ṣíṣe, níní àti pínpín àwòrán ìṣekúṣe àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àti sí orí títan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ojú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ tó fi àwòrán ìhòòhò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lè rò pé ẹ̀fẹ̀ ni òun ń ṣe. Òfin kò kà á sí ẹ̀fẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì béèrè pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí a tó lo ìsọfúnni nípa ọmọdé.

Ní àgbáyé, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọdé ṣe àlàyé ní ọdún 2021 pé ẹ̀tọ́ ọmọ tẹ̀lé e dé orí ẹ̀rọ. Australia gba ọ̀nà mìíràn: òfin tó ní kí àwọn ojúlé ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ńláńlá má ṣe gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láàyè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2025. Ohun tó hàn nínú gbogbo èyí ni pé òfin máa ń fìyà jẹ ọ̀daràn lẹ́yìn tí aburú bá ti ṣẹlẹ̀, tàbí kó ti ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó lè jókòó ti ọmọ nínú ọkọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ èdè

Nínú kòríkúlọ̀ọ̀mù ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní apá kan, ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ ìlú rere àti ẹ̀kọ́ nípa ààbò sì wà ní apá mìíràn. Títẹ bọ́tìnì àti orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni a sábà máa ń kọ́ ní ti àkọ́kọ́. Àsíá, ìdìbò àti ẹ̀tọ́ ará ìlú ni a ń kọ́ ní ti èkejì. Ọmọ wá ń mọ ẹ̀rọ láìmọ ìwà, ó sì ń mọ ìwà láì fi ti ẹ̀rọ kún un. Kòríkúlọ̀ọ̀mù tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 fi kún ààyè tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní. Bí olùkọ́ kò bá so apá méjèèjì pọ̀, àlékún ẹ̀rọ lásán ni yóò jẹ́.

Èdè tí a fi ń kọ́ni náà ṣe kókó. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe dáadáa, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ohun yòówù kí ìlànà wí, ìkìlọ̀ nípa ewu kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọmọ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí òbí ní Ugbónlá tí yóò fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ kì í nílọ̀ pé ìgbì ń bọ̀.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Láti inú ìtàn tí a ti là kalẹ̀, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni olùkọ́ lè mú wọ kíláàsì, àní níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan. Èkíní ni pé kí ọmọ béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: ta ló mọ̀ ọ́n, ta ló rí i rí, kí ló dé tó fi ní kí n má sọ fún ìyá mi? Èkejì ni pé kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ kan láàrin omi àti ayélujára. Ohun tó bọ́ sínú omi a máa rì. Ohun tó bọ́ sórí ayélujára kì í rì, ọjọ́ tí a kò retí ni yóò léfòó. Àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ti di ti gbogbo ayé bí ẹni náà bá fẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí ọmọ wádìí ìròyìn kí ó tó pín in, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó pín irọ́ tó ba ẹlòmíràn jẹ́ kò lè fi pé òun kọ́ ló kọ ọ́ ṣe àwíjàre.

Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù, àwọn àgbà ló sì kàn. Bí ọmọ bá ń rì, a kì í bi í léèrè ẹni tó ní kó wọ omi. A ó kọ́kọ́ fà á jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ lórí ẹ̀rọ mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹgba ni yóò kọ́kọ́ bá òun, a ó sì gba fóònù lọ́wọ́ òun. Ìdí nìyí tí ó fi ń dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ni ẹni ibi sì fi ń ṣe ọ̀kọ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé ọmọ tó bá ké gbàjarè kò ní jẹ ẹgba.

Àfiwé omi yìí ní ibi tó mọ. Bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ mọ omi ju ọmọ lọ. Lórí ayélujára, ọmọ ló sábà máa ń mọ ẹ̀rọ ju bàbá lọ. Àmọ́ mímọ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí mímọ ènìyàn. Ọmọ mọ ibi tí a ń tẹ̀. Àgbà ló mọ ẹ̀tàn bí ó bá rí i. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́-olùkọ́ má ṣe bẹ̀rù pé ọmọ yóò mọ ju òun lọ. Kí ọmọ fi ọ̀nà ẹ̀rọ hàn án, kí òun náà fi ọ̀nà ìwà han ọmọ.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé láti ọdún 2001, a ti fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, a ti pín kọ̀ǹpútà, a ti ṣe òfin, a sì ti sọkún lórí àwọn tó sọnù. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣáájú ló gbẹ́yìn. Àwọn ará etí òkun Ìlàjẹ kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láàyè nínú ọ̀rọ̀ omi, nítorí wọ́n mọ iye tí yóò ná wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ló wà ní ipò láti mú ọgbọ́n náà wọ inú ọ̀rọ̀ ayélujára: kí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lára ẹ̀kọ́ gbogboogbò fún ìwé-ẹ̀rí NCE má ṣe parí sórí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, kí gbogbo olùkọ́ tó ń jáde sì lè fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé ewu àti ojúṣe fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Ugbónlá yóò wọ òkun, yóò sì wọ ayélujára. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé kò dá nìkan wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.